Kádàrá Ta Ni?

Sálúbàtà rọ́bà tó ti jẹ lábẹ́ ló pa àbúrò mi. Mo fi èyí ṣíwájú kí ẹnikẹ́ni má baà wá fi ìtàn mìíràn dí mi létí. Òun ni àbíkẹ́yìn ìyá wa. Ó sá kòkó sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Òdòdé, ní Ìdànrè, lórí ọ̀rá dúdú, kòkó náà sì ti gbẹ débi pé ó ń dún ṣakaṣaka bí ènìyàn bá fi ọwọ́ rò ó. Òjò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án. Ó sáré gun àpáta lọ láti kó kòkó rẹ̀. Abẹ́ sálúbàtà yẹn ti ń dán bí àwo. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó sì fi ìpàkọ́ lu òkúta. A gbé e dé ọsibítù ní Àkúrẹ́, kò la ojú mọ́.

Mo ti sọ fún un rí pé kó ju sálúbàtà náà nù. Ó ní ó ṣì dára fún àyíká ilé. Bí ẹ bá wá bi mí ní ohun tó pa á, màá ní kí ẹ wo abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àkọ́bí gbogbo wa, kò wo abẹ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Orí ni wọ́n wò, kì í sì í ṣe orí tó lu òkúta. Orí ìyàwó olóògbé ni wọ́n wò. Wọ́n ní orí rẹ̀ burú, pé òun ló pa ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú ilé.

Ilé náà kò tóbi. Yàrá mélòó kan ni, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù níwájú, níbi tí obìnrin náà ti ń ta ike, abọ́, kẹ́tùrù àti korobá. Àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ ló jọ kọ́ ọ. Mo rí obìnrin náà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, ó ń pọn omi fún àwọn bíríkìlà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ẹbí ni ilé náà wà, ẹbí lè sọ pé ilẹ̀ ti di tàwọn padà. Bí obìnrin náà bá jáde níbẹ̀, kò ní ṣọ́ọ̀bù mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní iléèwé ní Àkúrẹ́ kò sì ní ilé tí wọn yóò padà sí bí wọ́n bá gba ìsinmi.

Obìnrin náà kì í ṣe àjèjì ní Ìdànrè. Ìdílé Mùsùlùmí tó ń tajà nítòsí ọjà ló ti wá. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ìyá wa bá fẹ́ ra àtùpà tàbí abọ́ tánganran, ọ̀dọ̀ bàbá bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń rán wa lọ, ọkùnrin náà a sì máa fún wa ní dàbínù kọ̀ọ̀kan ní àsìkò ààwẹ̀. Ìdílé tiwa jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, bàbá wa sì wà lára àwọn tó ń gbé àwo ọrẹ káàkiri. Nígbà tí àbúrò mi mú obìnrin náà wálé, kò sẹ́ni tó bá a jà ní gbangba. Ẹ̀gbọ́n mi kàn bèèrè pé, "Kí la ó máa pe èyí?" wọ́n sì lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Lẹ́yìn náà ni ìròyìn dé pé ọkùnrin kan ti fẹ́ ẹ sọ́nà ṣáájú àbúrò mi, pé ọkọ̀ ọkùnrin náà ní ìjàǹbá nítòsí Òfosù, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Ọ̀rẹ̀ sí Bìní, ó sì kú. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ èyí, wọ́n gbé e pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ènìyàn ṣe ń gbé ọ̀bẹ pamọ́ sínú àpótí.

Ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ̀bẹ náà ni ọjọ́ tí a sin àbúrò mi. A ti dé láti itẹ́ òkú. Opó jókòó lórí ẹní láàárín àwọn ìbátan rẹ̀ obìnrin, wọ́n ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, wọ́n ń sọ pé kádàrá ni, kó gbà fún Ọlọ́run. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé láti wá jókòó tì í, nítorí ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe nìyẹn. Bí opó ṣe rí wọn ló bú sẹ́kún tuntun. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá àyà, ó ní, "Kádàrá mi rèé o! Kádàrá mi rèé!"

Ẹ̀gbọ́n mi kò jókòó mọ́. Wọ́n dúró gbọnrangandan láàárín yàrá, wọ́n wo apá ọ̀tún, wọ́n wo apá òsì, wọ́n ní, "Ṣé ẹ gbọ́? Ṣé gbogbo yín gbọ́ ọ? Ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́."

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni wọ́n ń gbé kiri. Wọ́n gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé e dé Aládé, wọ́n gbé e dé Atósìn lọ́dọ̀ àwọn mọ̀lẹ́bí ìyá wa tó ń ṣiṣẹ́ oko. Wọn kì í fi kún un, wọn kì í yọ nínú rẹ̀. Wọn a kàn tẹnu mọ́ "mi" náà bí ẹni ń fi ìka tẹ ojú egbò. Obìnrin náà ti sọ ọ́: kádàrá tòun ni. Kò ní kádàrá ọkọ òun ni.

Mo gbọ́ ọ, inú bí mi. Mo ń bínú lọ́wọ́ tí mo ń kọ èyí. Ìdí tó fi bí mi nínú ni pé mo mọ ohun tí opó náà sọ, mo mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, mo sì mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìró kan náà ni.

Nígbà tí gbogbo wa ṣì ní irun lórí, mo kọ́ ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì. Olùkọ́ wa kan wà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń fi ẹfun sí àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀ bí ẹni fi sìgá sí i. Lọ́jọ́ kan ó kọ àyànmọ́ sójú pátákó, ó sì gé e sí wẹ́wẹ́: à, yàn, mọ́. Ó ní, "Wọ́n yàn án, wọ́n sì fi í mọ́ ọ lára. Ta ló yàn án?" Kíláàsì dàrú. Àwọn kan ní Ọlọ́run ni. Àwọn kan ní olúkúlùkù ló yàn án fúnra rẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀, kó tó wá sáyé. Ṣebí ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní àkúnlẹ̀yàn? Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní àkúnlẹ̀gbà ńkọ́? Pé ẹni tó kúnlẹ̀ tó gbà á, kò yan nǹkan kan, wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́ ni. Ẹlòmíràn ní ìpín ńkọ́, ta ló ń pín in? Olùkọ́ wa jẹ́ ká pariwo tán, ó wá ní ọ̀rọ̀ náà kò sọ. Ó ní ọ̀rọ̀ náà mọ̀ pé ẹnìkan yàn, ó kàn fi ẹni náà pamọ́.

A jiyàn yẹn dé yàrá. A jiyàn rẹ̀ dé ìdí búrẹ́dì àti ẹ̀wà, ohùn wa há, a tún jí ní ọjọ́ kejì, a tún bẹ̀rẹ̀. Mo ń rántí ariwo yẹn báyìí, omi a sì máa fẹ́ bọ́ lójú mi. Kì í ṣe nítorí èwe nìkan. Nígbà yẹn, a lè jiyàn lórí ọ̀rọ̀ orí láti àárọ̀ dalẹ́ kí ilé má sì bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kádàrá ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni. Ó bá wọn wá láti ọ̀nà jíjìn, a sì gbà á lọ́wọ́ wọn, débi pé àwọn àlùfáà wa náà ń lò ó lórí àga ìwàásù. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ opó yẹn dàgbà, ọ̀rọ̀ náà kò fi ẹnikẹ́ni pamọ́. Ọlọ́run ló ń kádàrá. Wọ́n máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: Ọlọ́run ti kádàrá rẹ̀. Bí ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ bá wá ké pé "kádàrá mi rèé," ohun tó ń wí ni pé ẹrù tí Ọlọ́run wọ̀n fún mi láti rù nìyí, ó sì wúwo. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọ ilé tiwa, a kò rí ibi tí a ó fi í sí ju orí lọ. A sọ ọ́ di orúkọ mìíràn fún orí. Orí a máa dára, a máa burú, a sì máa ní ẹni tó ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe gbọ́ "kádàrá mi" tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí "orí mi ló ṣe é." Aṣọ kan náà ni, àwọn méjèèjì kàn wọ̀ ọ́ sódì síra wọn ni.

Mo rò pé bí mo bá ṣàlàyé èyí, yóò tán. Ẹ ò rí òmùgọ̀ àgbàlagbà.

Ìpàdé ẹbí wáyé ní pálọ̀ mi lọ́jọ́ ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn. Àwa mẹ́ta ni ọmọ ìyá tó kù: ẹ̀gbọ́n mi, èmi, àti àbúrò mi kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó ń gbé Àkúrẹ́. A ránṣẹ́ pe opó. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ń tú gèlè wọn, wọ́n ń tún un wé, wọn kò dáhùn. Obìnrin náà dìde, ó lọ jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jẹ́ ká má fa ọ̀rọ̀ yìí gùn," àbúrò mi ará Àkúrẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ọ̀nà yẹn ò dáa bí ilẹ̀ bá ti ṣú."

"Kò ní gùn," ni ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn. "Kó jáde ní ulé àbúrò mi, ó parí." Ulé ni àwọn àgbà wa ní Ìdànrè ń pe ilé, ẹ̀gbọ́n mi sì máa ń padà sí èdè yẹn bí wọ́n bá fẹ́ jà.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ṣe?"

"Èmi kọ́ ni wàá bi. Òun ni kó o bi. Ṣebí ó ti sọ ọ́. Ó ní kádàrá mi. Mi! Ìwọ ọ̀mọ̀wé, ṣé wọn ò kọ́ ọ ní 'mi' ní yunifásítì tó o lọ ni?"

"Wọ́n kọ́ mi. Òun gan-an ni mo fẹ́ ṣàlàyé."

"Ẹ gbà mí o. Ó ti fẹ́ ṣàlàyé."

Mo ṣàlàyé síbẹ̀. Mo sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín kádàrá nílé tiwọn àti orí nílé tiwa. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, mo sọ ọ́ dáadáa. Àbúrò mi ará Àkúrẹ́ ń mi orí bí ẹni tó wà níbi ìwàásù tó gùn. Nígbà tí mo parí, ẹ̀gbọ́n mi yọ ìgò ojú wọn, wọ́n fi etí ìró nù ún, wọ́n ní, "Ṣé o ti tán?"

"Mo ti tán."

"Gbogbo ẹ̀ náà rèé? Fún ìyẹn ni bàbá wa ṣe ta kòkó?"

Ìbínú gùn mí. Mo gbàgbé jẹ́jẹ́. Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ ká wá sílé tiwa nígbà náà, ká fi kádàrá sílẹ̀. Nínú ìtàn tí wọ́n sọ fún wa lọ́mọdé, amọ̀kòkò kan wà lọ́run tó ń fi amọ̀ mọ orí, olúkúlùkù a sì lọ yan tirẹ̀ kó tó wá sáyé. Omíràn jinná, omíràn kò jinná, èyí tí kò jinná a sì máa wọ́ dànù bí òjò bá pa á. "Ẹ sọ fún mi, ta ló yan orí àbúrò wa? Òun fúnra rẹ̀. Ta ni òjò pa lórí àpáta? Òun ni. Níbo wá ni orí ìyàwó rẹ̀ ti wọ̀ ọ́? Ìyàwó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń ta korobá. Àbí orí ọkọ sùn lọ́jọ́ náà, tí ti ìyàwó fi lọ ṣiṣẹ́ dípò rẹ̀?"

Mo rò pé mo ti mú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi na àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n tẹ́ ẹ bí ẹni gbé nǹkan kan sínú rẹ̀.

"Orí tirẹ̀ rọ̀," ni wọ́n wí. "Nígbà tí ìyá wa kú, ta ló pọ̀n ọ́n? Ìwọ wà níbi ìwé. Èyí wà níbi bọ́ọ̀lù. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń wẹ orí ẹ̀, àárín ẹ̀ ń sọ kúlúkúlú lábẹ́ ọwọ́ mi. Mo mọ bó ṣe rọ̀ tó. Ẹ ò lè kọ́ mi ní orí ọmọ yẹn."

Mo rántí wọn nígbà náà, ọmọge tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, tó ń gun àtẹ̀gùn òkúta lọ sí ìlú àtijọ́ lórí òkè ní àsìkò ọdún, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọ aṣọ tuntun, tí òun ń fi ẹ̀gbẹ́ ìró nu imú àbúrò rẹ̀. Wọn kò tètè lọ sílé ọkọ nítorí rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ṣe àlàyé orí báyìí fún mi, ǹ bá fún un ní máàkì. Ṣùgbọ́n obìnrin kan jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n sì fẹ́ lé e jáde nínú ilé rẹ̀. Mi ò lè fún ẹnikẹ́ni ní máàkì.

"Àánú yín ṣe mí," mo wí, "ṣùgbọ́n irọ́ lẹ ń pa mọ́ ọn."

"Èmi? Irọ́?"

Àbúrò mi ará Àkúrẹ́ bọ́ sáàárín. Ó ní òun ti rí ọ̀nà. Kí ìyàwó kúnlẹ̀ síwájú àǹtí àwọn, kó ní kí wọ́n foríjì òun, kí àǹtí foríjì í, kó máa gbé ilé rẹ̀, kí oníkálukú máa lọ. "Ẹnu lásán ni," ó wí. "Ìṣẹ́jú kan ni."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí i pé wọn yóò gbà á. Wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ wọn síwájú díẹ̀, bí ẹni ń ṣe àyè sílẹ̀. Mo sì jẹ́wọ́ pé èmi náà rò ó lọ́kàn mi pé kó kúnlẹ̀, kó sọ ọ́, ká lọ jẹun.

Opó ò dìde lórí àpótí. Ó ní, "Mi ò ní kúnlẹ̀."

Àbúrò mi ní, "Ìyàwó wa, kí lo wí?"

"Mo ti kúnlẹ̀ nígbà tí mo wọlé, sà. Ìyẹn, ìkíni ni. Wọn ò dáhùn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àgbà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tẹ́ ẹ ní kí n kúnlẹ̀ fún yìí, bí mo bá kúnlẹ̀ ẹ̀, mo ti gbà pé èmi ni. Àwọn ọmọ mi á gbọ́ pé ìyá àwọn kúnlẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn pé mo ṣe?"

"Wo bó ṣe ń sọ̀rọ̀ sí àgbà!" Ẹ̀gbọ́n mi dìde. "Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tó ti jẹ ọkùnrin méjì tán!"

"Ẹ̀gbọ́n mi!" mo pariwo. "Ọkọ̀ ló pa ti Òfosù! Sálúbàtà ló pa tiwa!"

"Sálúbàtà bàbá ta ni? Ọmọ tí mo pọ̀n ni sálúbàtà pa? Ìwọ dẹ̀ jókòó síbẹ̀, ò ń bá mi jà nítorí obìnrin aláìlójútì! Ẹ wò mí! Mo tọ́ ọmọ mẹ́ta tí kì í ṣe tèmi. Ọ̀kan kú. Ọ̀kan kàwé títí ó fi ya wèrè. Ẹ̀kẹta ń wo aago níbi ìpàdé òkú. Ah! Kádàrá mi rèé! Kádàrá mi rèé o!"

Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbá àyà bí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Mo rí i lójú ẹ̀gbọ́n mi pé àwọn náà gbọ́ ọ lẹ́yìn tó ti jáde lẹ́nu wọn. Àbúrò mi ará Àkúrẹ́, ẹni tí n kò rí kó rẹ́rìn-ín láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, fi imú rẹ́rìn-ín. Ó gbìyànjú láti sọ ọ́ di ikọ́, kò ṣeé ṣe.

Opó kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

Mo búra pé kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni tí wọ́n kọ́ dáadáa máa ń sọ nìyẹn bí ẹnìkejì bá ké irú igbe bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún òun náà nìyẹn lọ́jọ́ tó jókòó sórí ẹní. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀gbọ́n mi pọ́n bí epo.

"Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀!" ni wọ́n wí. "Ẹnu lásán ni tèmi!"

Mi ò lè pa á mọ́ra. Mo ní, "Tirẹ̀ ńkọ́, ṣé imú ló fi sọ ọ́ ni?"

Wọ́n mú pọ́ọ̀sì wọn. Wọ́n wọ bàtà, òsì sí ọ̀tún, wọ́n tún un wọ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n yípadà, kì í ṣe sí opó, sí èmi. "Mo ti sin ọmọ kan lọ́dún yìí," ni wọ́n wí. "Màá fi ìwọ náà kún un. Má wá sílé mi." Wọ́n lọ. Àbúrò mi ní kí òun gbé wọn délé nínú ọkọ̀, wọ́n ní kó lọ máa wo aago rẹ̀.

Èmi ni ọkùnrin àgbà nínú ẹbí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, èmi àti àbúrò mi rìn lọ sí ilé olóògbé, a dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù níbi tí àwọn aládùúgbò ti lè gbọ́ wa, a sì sọ ọ́ ketekete pé ilé yìí jẹ́ ti ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, ẹbí kò ní ohunkóhun bá wọn fà níbẹ̀. Àwọn kan kí wa. Àwọn kan wọlé wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀rẹ́ púpọ̀ ní Òdòdé, àwọn ọ̀rẹ́ náà kì í sì í ra ike ní ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́ láti ìgbà náà. Bí wọ́n bá fẹ́ korobá, Àkúrẹ́ tàbí Ọ̀wẹnà ni wọ́n ń lọ.

Nígbà tí mo lọ kí i lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, mo rò pé obìnrin náà yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́ nítòótọ́. Ó bu omi tútù fún mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Ọlọ́run á san án fún yín." Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó ń nu abọ́ kan tí kò dọ̀tí, ó ní, "Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò sọ pé èmi kọ́ ni mo pa á."

"Kí ni gbogbo ohun tí mo wá ń sọ?"

"Ẹ ń ṣàlàyé 'mi,' sà."

Inú bí mi sí òun náà. Mo gbé omi rẹ̀ kalẹ̀ láì mu ún tán, mo sì jáde. Mo rìn dé ibi tí òkúta ńlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀nà mọ́ ènìyàn lọ́wọ́, mo dúró, mo ń ro ẹjọ́ tí mo rò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kádàrá. Àkúnlẹ̀yàn. Amọ̀kòkò. Mo wá ibi tí mo ti sọ ọ́ ní gbólóhùn kan ṣoṣo pé, ẹ̀gbọ́n mi, kò pa á. Mi ò rí i. Mo ti sọ pé ọkọ̀ ni, mo ti sọ pé sálúbàtà ni. Mo ti bi wọ́n léèrè, mo ti fi wọ́n ṣẹ̀sín. Mo padà sílé pẹ̀lú ìbínú mi, n kò sì mọ ẹni tí ǹ bá gbé e fún.

Láti ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n mi kì í bá mi sọ̀rọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti kó kúrò lórí bẹ́ǹṣì tí ìdílé wa ti ń jókòó láti ìgbà bàbá wa, wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn níbi tí wọn kò ti lè gbọ́ ìwàásù dáadáa. Bí mo bá na ọwọ́ níbi ìkíni àlàáfíà, wọn a máa wá ohun tó bọ́ sílẹ̀ nínú pọ́ọ̀sì wọn. Àgbà ti dé sí àwa méjèèjì. Ọ̀kan nínú wa ni yóò sin èkejì, n kò sì fẹ́ kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ sálúbàtà ni yóò gbẹ̀yìn láàárín wa.

Nítorí náà, mo lọ sílé wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ní kí n má wá. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú abọ́. Mo dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, mo fi ọ̀pá mi kan ilẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ bí eegun ẹ̀yìn mi ṣe lè gbà mí mọ, mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Wọn kò gbé ojú sókè. Wọ́n ní, "Kò sẹ́ni nílé."

Mo dúró. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Mo rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn, n kò lè dúró pẹ́ mọ́. Ooru àpáta tó gba oòrùn láti àárọ̀ ń fẹ́ bá wa láti ẹ̀yìn ilé. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀wà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú abọ́.

Mo ní, "Ṣé onílé sọ ìgbà tí wọ́n máa dé?"

Ọwọ́ wọn dúró díẹ̀ lórí ẹ̀wà.

"Wọn ò sọ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, wọ́n sì yí àga wọn kọjú sí ògiri.